Oní-lífìtì Gun Òkè

Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kórìíra láyé tó àtẹ̀gùn. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì sanra. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló bà á jẹ́. Lífìtì ló ń tún ṣe. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń tọ́jú lífìtì méjì inú ilé alájà mọ́kànlá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kún fọ́fọ́. Nínú yàrá ẹ̀rọ lórí òrùlé ló máa ń wà, gírísì dé ìgúnpá, gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ ló sì ti ná tán sórí pé kí ọmọ ènìyàn má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè mọ́. Bí lífìtì kan bá bàjẹ́, á wọ èkejì lọ bá a. Bí méjèèjì bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, á ní òun ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kòsíwàhálà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Bí akọ̀wé àjà kẹsàn-án bá ní kó bá òun gbé kọ́bọ́ọ̀dù, á ní kò sí wàhálà. Bí ọ̀gá bá ní kó wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, kò sí wàhálà. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ní kó bá òun gbé ọmọ dání díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lífìtì, òun fẹ́ sáré dé ọ́fíìsì kan. Wákàtí mẹ́ta ni ọmọ náà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ orúkọ ọmọ, kò mọ orúkọ ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n kó tó di pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mọ orin tó ń mú un sùn. Gbogbo ènìyàn ló ní ó níwà. Ìyàwó rẹ̀ náà gbà pé ó níwà. Òun gan-an ni ìwà náà sì ń fìyà jẹ.

Télọ̀ ni ìyàwó. Nínú ilé oníyàrá méjì tí wọ́n ń gbé, yàrá kejì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ létí fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ láàárín, aṣọ àwọn oníbàárà lórí ìkọ́ lára ògiri. Oṣù keje rèé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Kòsíwàhálà, géńdé ọkùnrin tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, gbé àpótí méjì àti mátíréẹ̀sì dé, tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun fẹ́ lò. Ọ̀sẹ̀ kan náà kọ̀, kò pé. Ìyàwó kó ẹ̀rọ lọ sílé ìdáná. Ọjọ́ tí òróró ta sára aṣọ funfun tí ọmọbìnrin kan fẹ́ fi ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Sọ fún un kó máa lọ. Kó tó di Sọ́ńdè." Ọkọ ní kò sí wàhálà, ó sì wọlé tọ ẹ̀gbọ́n lọ lóòótọ́. Ògiri ilé náà fẹ́lẹ́. Kí ni ìyàwó máa gbọ́? "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé yín nibí." Ìyàwó kò dúró kí Sọ́ńdè ó pé. Ó gbé báàgì, ó di ilé ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ketekete, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọbẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wá: ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi dá sùn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń sùn sí, tó fi àyè ìyàwó sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wà. Bó bá jí láàárọ̀, á kọ́kọ́ wo àyè náà. Kò sí ohun méjì tó ń fẹ́ láyé yìí ju kí obìnrin yẹn padà wálé.

Ló bá lọ bẹ ìyá ìyàwó. Tíṣà eré ìdárayá ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gún ṣánṣán. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fọn fèrè lé àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí pápá, débi pé Ìyá Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Pálọ̀ rẹ̀ kún fún ife-ẹ̀yẹ àti fọ́tò àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré tí ẹnu wọn là sílẹ̀, fèrè fúnra rẹ̀ sì wà lórí ìṣó lókè tẹlifíṣọ̀n.

Kòsíwàhálà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti yàrá inú ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ìyàwó ò jáde.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde ná." Ìyá Fèrè wò ó, ó wo ilẹ̀kùn yàrá inú, ó tún wò ó. Ó jọ pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. "Ṣé o mọ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà." Láti ojú fèrèsé àjà kọkànlá ló ti mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀nà kan wà tó gun orí rẹ̀ pátápátá, tó yí ẹ̀yìn ẹ̀ po, tó tún sọ̀ padà síbi téèyàn ti gbéra. Odindi ọjọ́ kan gbáko ni. Tó o bá bá mi rìn ín lọ́jọ́ Sátidé, tá a yí i po pé pérépéré, màá bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀ kó máa bá ẹ lọ sílé."

"Kò sí wàhálà, Mà."

Ìyá Fèrè ń wo àna rẹ̀ bí ẹni tó fi oúnjẹ lọ ènìyàn lẹ́nu lásán, tí ẹni yẹn wá fọwọ́, tó jókòó.

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni mo wí o. Àárọ̀ kùtù."

"Kò sí wàhálà."

"Oòrùn á mú. Òkè yẹn ga."

"Kò sí wàhálà rárá, Mà."

"Ó dáa náà," ni Ìyá Fèrè wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Aago méje òwúrọ̀ Sátidé bá wọn lẹ́sẹ̀ òkè. Ilé onípákó kékeré kan wà níbẹ̀ tí olùṣọ́ òkè ń jókòó sí, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń jẹ búrẹ́dì, tó gbé ìwé ńlá síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó fi sílẹ̀ nílé tẹ̀ lé e. Ìyá Fèrè kọ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Lára ògiri, wọ́n ya òkè náà sórí pákó, pẹ̀lú ọ̀nà pupa tó yí i po.

"Ẹ gbọ́ o," ni olùṣọ́ wí, búrẹ́dì lẹ́nu. "Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ gbà gòkè. Àpáta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti kan ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ọn tẹ́ ẹ máa dì mú. Tẹ́ ẹ bá dé orí, ẹ wá gba apá kejì sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, àmọ́ ilẹ̀ lẹ ó máa tẹ̀. Ẹ má yí i padà o. Àpáta yẹn ṣeé gùn, kò ṣeé sọ̀. Ẹsẹ̀ ò ní rí ibi tó ń lọ."

Kòsíwàhálà gbọ́ ọ dáadáa. Àwòrán ẹ̀rọ ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló wo pákó yẹn tó fi wọ̀ ọ́ lórí. Ìyá Fèrè ní tirẹ̀ ń so okùn fìlà. Ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún bá ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti tún gbọ́ tẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ báàgì ló kàn. Báàgì Ìyá Fèrè tóbi. Fúláàsì méjì wà nínú rẹ̀, agboòrùn, ẹní, àpótí ìjókòó kan tó ṣeé ká, aṣọ ìpààrọ̀, rédíò, àti ọ̀rá ẹyin sísè. Kòsíwàhálà na ọwọ́ sí i.

"Fi sílẹ̀ jàre. Màá gbé e."

"Háà, Mà! Kí èèyàn rí mi lẹ́yìn yín lọ́wọ́ òfo?"

"Mo ní kó o fi sílẹ̀."

"Ẹ má rí mi fín báyẹn, Mà."

Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀, ọkùnrin náà borí. Ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó gbé tirẹ̀ kọ́ àyà, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọn ò tíì rìn tó ogójì ẹsẹ̀ tí ọ̀nà fi pín sí méjì. Ìyá Fèrè, tó wà níwájú bó ṣe yẹ kí àgbà wà, yà sí òsì.

Kòsíwàhálà la ẹnu. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn ò sọ ti ẹni tó mọ ọ̀nà, tí ìtìjú wá di í lẹ́nu. Ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá ìyàwó òun padà, ṣé òun náà ló máa sọ fún ìyá ìyàwó lẹ́sẹ̀ òkè pé ó ti ṣìnà? Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Lẹ́yìn wọn, olùṣọ́ yọrí jáde, ó ń ju ọwọ́ sókè, ó ń pariwo. Ìyá Fèrè rò pé ó ń kí wọn pé ó dàbọ̀, ó juwọ́ sí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Kòsíwàhálà mọ ohun tí olùṣọ́ ń wí. Òun náà juwọ́.

Apá òsì rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìn. Ó gba inú igbó, ó gba inú koríko, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kéèyàn fura. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, aṣọ Kòsíwàhálà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, okùn báàgì ti ya ilà sí i léjìká. Ó ń wá ibi tó máa jókòó bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Ṣùgbọ́n ta ni í jókòó nígbà tí àgbà dúró? Ìyá Fèrè ò sì jókòó. Ó ń lọ ni.

Ohun kan tí Kòsíwàhálà ṣàkíyèsí ni pé ìyá yìí fẹ́ràn ẹyẹ. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá rìn díẹ̀, á dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, á gbójú sókè, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò.

"Wo ẹyẹ yẹn."

"Èwo, Mà?"

"Ó ti fò lọ."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Ìyá Fèrè ti rí ẹyẹ mẹ́rìnlá, Kòsíwàhálà ò rí ẹyọ kan. Kò jiyàn. Ó ń fi tirẹ̀ so okùn bàtà. Bí ìyá bá ti yí ẹ̀yìn, á bẹ̀rẹ̀, á so ó, á tú u, á tún un so, á sì fi orúnkún kan sinmi lórí ilẹ̀ tútù. Ìgbà kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀, bàtà tó ń so ò tiẹ̀ ní okùn mọ́. Ó ti já láti ìgbà kẹfà. Inú ara rẹ̀ ló ti ń gbóríyìn fún ìyá ìyàwó rẹ̀: àgbà obìnrin tó ń lọ báyìí, tí kì í rẹ̀ ẹ́, tó tún ráyè wo ẹyẹ!

"A ti dé!" ni Ìyá Fèrè ké.

Wọn ò tíì dé. Téńté tí wọ́n rí yẹn, nígbà tí wọ́n gun ún tán ni wọ́n rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó ga jù ú lọ. Wọ́n gun ìyẹn náà, ẹ̀kẹta yọjú. Inú bí Kòsíwàhálà. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, bí èèyàn bá tẹ mọ́kànlá, mọ́kànlá ló máa dé. Kì í ṣe kí ilẹ̀kùn ṣí, kí wọ́n ní ó ku méjì.

Orí téńté kejì ni Ìyá Fèrè ti na ọ̀rá ẹyin sí i, lórí ìdúró náà.

"Jẹ ẹyin, ọkọ ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Márùn-ún ni tìẹ."

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Kòsíwàhálà wá fojú han àwọn òbí ìyàwó, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ẹyin sísè ni ìyá gbé fún un. Òórùn ẹyin sísè máa ń rí i lára láti kékeré. Ó jẹ ẹ́, ó ní, "Ó dùn gan-an, Mà." Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì wọ ilé náà kí ìyá má gbé ìkòkò kaná. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ kò kọ nǹkan kan rí. Lórí òkè, nínú oòrùn, ó jẹ márùn-ún. Ó jẹ ẹ̀karùn-ún pẹ̀lú ojú dídì.

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí òkè tòótọ́. Atẹ́gùn fẹ́ lù wọ́n lójú. Gbogbo ìlú tẹ́ sísàlẹ̀, òrùlé, ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kòsíwàhálà rí ilé alájà mọ́kànlá rẹ̀, ó kéré bí páálí ìṣáná. Ó fojú wá òrùlé ilé tirẹ̀ títí tó fi rí i, ó rántí àyè tó ṣófo lórí bẹ́ẹ̀dì, omi sì lé sí i lójú. Ó ku ká sọ̀kalẹ̀, ó wí fún ara rẹ̀. Ká ṣáà sọ̀kalẹ̀, ìyàwó mi á wálé.

Ló bá lọ sí apá kejì, ó wo ìsàlẹ̀.

Òkè ò sọ̀ níbẹ̀. Ńṣe ló já. Àpáta dúdú kan lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ bí ògiri ilé, wọ́n kan ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ọn láti òkè délẹ̀, ihò kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ fún ẹsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ikùn àpáta níbi tí ẹni tó ń gòkè lè rí i, tí ẹni tó ń sọ̀ kò lè rí. Kòsíwàhálà fọwọ́ mi ẹ̀wọ̀n náà bó ṣe máa ń mi wáyà lífìtì. Irin yẹn lágbára. Irin kọ́ ni ìyọnu. Ó wẹ̀yìn wo Ìyá Fèrè. Ìyá di òpó àmì orí òkè mú, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ òsì bò ó kí àna òun má bàa rí i.

"Ó yá," ni Ìyá Fèrè wí, "jẹ́ ká máa sọ̀. Ká lè yí i po pé pérépéré."

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu Kòsíwàhálà. Kò, sí, wàhálà: ó ti dé orí ahọ́n, ọdún ogójì ló ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á sọ̀, bóyá orí á sì kó wọn yọ. Bí kò bá sọ ọ́, àdéhùn bàjẹ́, ìyàwó ò ní wálé. Ó tún wo orúnkún yẹn.

"Rárá, Mà."

Ìyá Fèrè yí ojú padà pìrì. "Kí lo wí?"

"Rárá." Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀, ó tún un sọ kó lè dá a lójú pé òun ló ń sọ ọ́. "A ò ní gba ibẹ̀ yẹn sọ̀. Ibi tá a gbà wá la máa gbà padà."

"Ìyẹn ò yí òkè po o. A ti jọ sọ ọ́: pé pérépéré."

"Kó má yí i po, Mà. Kí àdéhùn bàjẹ́. Màá fẹ́ kí ìyàwó mi bínú sí mi nílé yín ju kí n lọ sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ti já bọ́." Ẹnu tó ti padé fún ogójì ọdún, tó bá là, kì í tètè padé mọ́. "Ẹ tiẹ̀ dárí jì mí, Mà, ọ̀nà tá a gbà láàárọ̀ gan-an kọ́ ni. Ọ̀tún ni wọ́n ní ká gbà. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Báàgì yìí fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi rédíò ṣe lórí òkè. Àti pé, Mà, mi ò fẹ́ràn ẹyin."

Kòsíwàhálà ti ń wá ibi tó máa dọ̀bálẹ̀ sí láàárín àwọn òkúta.

Ìyá Fèrè jókòó pẹ̀tẹ́ sórí ilẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ọmọdé, ó bọ́ fìlà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Kí ló dé tó ò sọ ọ́ ní pálọ̀ mi?"

"Kí ni, Mà?"

"Rárá! Ọmọ mi ló wá sọ fún mi pé ọkọ òun ò lè sọ rárá fún ẹ̀dá alààyè. Mo ní irọ́ ni, kò sírú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo wá ro nǹkan tí kò sí ẹni orí ẹ̀ pé tó máa gbà. Mo ní n óò ní kó bá mi gun òkè! Tó o bá ti sọ rárá báyìí, màá pè é jáde pé wò ó, ó mọ̀ ọ́n sọ, gbé báàgì ẹ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ò bá jọ sùn sílé yín."

Kòsíwàhálà jókòó. Kò tọrọ àyè. "Ẹ ò... ẹ ò fẹ́ gun òkè?"

"Èmi? Láyé mi, mi ò gun òkè yìí rí. Orí pápá títẹ́jú ni mo ti ń fọn fèrè. Àwọn ọmọ ló ń sáré, èmi ń dúró!"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi wá sọ pé ẹ ò lọ mọ́?"

"Kí àna mi lè máa sọ kiri pé mo ti darúgbó? Gbogbo òru àná ni mo fi ń gbàdúrà kí òjò rọ̀."

"Èmi náà gbà á, Mà." Ó ronú díẹ̀. "Àwọn ẹyẹ ńkọ́?"

"Ẹyẹ wo?" ni Ìyá Fèrè wí.

Ẹ̀kọ́ ilé dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbà méjì tí kò sí ẹni tó fẹ́ kúrò nílé nínú wọn, tí ẹ̀kọ́ ilé gbé dé orí òkè. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Wọ́n tan rédíò. Ìyá Fèrè jẹ ẹyin tó ṣẹ́ kù, Kòsíwàhálà jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tó wà nínú báàgì tirẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ tó ti jẹ nílé náà láti ọdún mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n ń jókòó níbi tó bá wù wọ́n. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, á ní ó rẹ òun. Ìyá gba fúláàsì méjèèjì gbé, ó di apá àna rẹ̀ mú níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó gba yàrá ìránṣọ, tí Ìyá Fèrè ń bú u, tí Kòsíwàhálà ò sì gbèjà rẹ̀.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí wọ́n yọ sẹ́sẹ̀ òkè. Ìyàwó wà níwájú ilé onípákó. Olùṣọ́ ló pè é láàárọ̀, pé àgbà obìnrin kan àti ọkùnrin kan tó di báàgì níwájú àti lẹ́yìn ti gba ibi tí òun ní kí wọ́n má gbà, wọ́n sì tún juwọ́ sí òun. Láti ọ̀sán ló ti ń rìn síwá sẹ́yìn níbẹ̀. Ó sáré pàdé wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì mọ́, ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dúró síwájú ọkọ rẹ̀, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Òkè ò yí po," ni Ìyá Fèrè wí. "Àdéhùn ti bàjẹ́. Ọkọ ẹ ló bà á jẹ́. Mo ní ká gba àpáta sọ̀, ó ní rárá."

"Ta ló ní rárá?"

"Òun tó dúró yìí. Ó sọ ọ́ fún mi lójú mi báyìí. Ó tún sọ ọ́ lórí ẹyin."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé bàtà tí kò lókùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìbínú ń yọ́ lójú rẹ̀, ó sì hàn. "Ó dáa," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Jẹ́ ká máa lọ sílé wa."

Ọ̀rọ̀ tí Kòsíwàhálà ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ fò. Ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ohun tó jáde.

"Rárá."

Olùṣọ́ tó ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà ò jẹun mọ́.

"Má tíì wá lónìí," ni Kòsíwàhálà wí. "Ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú yàrá ẹ. Tó o bá wá lónìí, ilé ìdáná náà lo tún máa padà sí, màá sì tún máa sọ fún ẹ pé kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bá a sọ ọ́. Kó kó ẹrù ẹ̀, kí n fọ yàrá yẹn, kí n gbé ẹ̀rọ ẹ padà sétí fèrèsé. Mo fẹ́ kó o wálé lónìí ju bó o ṣe rò lọ. Àmọ́ Túsìdeè ni kó o wá."

Omi kún ojú ìyàwó, ẹ̀rín sì ń bá omi náà du àyè.

"Ọdún mẹ́sàn-án lo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún mi," ó ní. "Mi ò gbà ọ́ gbọ́ rí. Túsìdeè tó o sọ yìí, mo gbà á gbọ́."

Ó fọwọ́ nu iyanrìn kúrò létí ọkọ rẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ dání, àwọn méjèèjì wọ tákísí. Kòsíwàhálà dúró títí ọkọ̀ fi ṣí. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ rìn lọ sílé kíákíá, kí ìgboyà má bàa tutù lọ́nà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.